Ìkọ́kọrẹ́ àti Ẹ̀fọ́ fún Aboyún

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí omi ní Ogun Waterside, a mọ ìkọ́kọrẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin aboyún, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un.

Aboyún nílò ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, àárẹ̀ àti òòyì yóò máa mú un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ewùrà ń fún ni lágbára, ṣùgbọ́n ẹja, edé àti ẹ̀fọ́ ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ẹ bó ewùrà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rin ín. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ se ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ pọ̀. Bí ó bá ti hó, ẹ fi ọwọ́ bu ewùrà sínú rẹ̀ ní kékèèké. Ẹ má rò ó títí yóò fi jinná.

Ẹ fọ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ùgwú kí ẹ tó gé e. Ẹ dà á sí i, kí ẹ rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ kí ẹ da omi rẹ̀ nù, nítorí èròjà rẹ̀ yóò bá omi lọ. Ẹ jẹ ọsàn lé e. Ẹ má mu tíì mọ́ ọn.

Oúnjẹ kò rọ́pò oògùn. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa lo oògùn amẹ́jẹ̀pọ̀ tí nọ́ọ̀sì fún yín. Bí inú ìpéǹpéjú tàbí àtẹ́lẹwọ́ yín bá funfun, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.