Lẹ́yìn "A Dúpẹ́": Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Á Bi Ara Wa Nígbà Ọdún

 

Nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn kan á ti Kútọnu wá, àwọn kan á ti Àjàṣẹ́ àti Èkó wá, ẹlòmíràn á ti Paris wọ ọkọ̀ òfúrufú. Zémíjàn á máa já èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Sákété, ní Ṣábẹ̀ẹ́. A ó lọ sí Mísà òru, a ó pa adìẹ, a ó gúnyán, a ó wọ aṣọ tuntun, a ó sì ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oníkálukú á tún di ẹrù rẹ̀, ó di ọdún mìíràn.

Nígbà tí ilé bá dá tán, ẹ wo ìyá tó ń gbálẹ̀ àgbàlá. Bí ẹ bá bi í pé, "Ọmọ yín tó wá ńkọ́?", á ní, "Ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ sanra." Bí ẹ bá wá bi í pé, "Kí ni ó ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn báyìí?", á dákẹ́. Ọmọ sùn nílé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà méjìlá, kò sì mọ̀. Ọmọ náà tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tí ìyá rẹ̀ ń rò bí ilẹ̀ bá ṣú tí oorun kò sì wá. Òun náà á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹnu ọ̀nà ni ìkíni

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá kì í béèrè àlàáfíà ara wọn. "Ilé ńkọ́?" "A dúpẹ́." "Ìyàwó ńkọ́?" "Ó wà." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Wọ́n wà dáadáa." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "À ń bá a yí i." Ìbéèrè mẹ́rin nìyẹn, a kò sì tíì jókòó. Ẹ̀kọ́ ilé ni, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parẹ́. Ẹni tó bá kọjá láìkí wa ti fi wá ṣe igi.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ìkíni wà, a kì í tẹ́ ẹní fún àlejò sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ìyàwó tí kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Wọn kò purọ́. Ìwà ọmọlúwàbí ni pé kí ènìyàn dúpẹ́ kí ó tó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tú ẹ̀dùn sílẹ̀ lórí ìdúró. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìbéèrè tó tẹ̀lé "A dúpẹ́" ni ó ń jẹ́ kí á mọ̀, òun ni ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ilé wa nígbà ọdún.

Ìbéèrè kì í ṣe àrífín

Àwọn kan á ní, "Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í wá àgbà lẹ́nu wò." Òtítọ́ ni. Wíwá ènìyàn lẹ́nu wò kò dára, yálà ọmọdé ló ṣe é tàbí àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kúnlẹ̀ tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé," ọlá ni ó fi fún bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà wa kan náà ló sọ pé abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ wo Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Ọlọ́run fi ọdún Ìrékọjá lélẹ̀ fún àwọn ọmọ Ísráẹ́lì, ìwé Ẹ́kísódù orí 12 fi hàn pé Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe, Ó sì sọ fún àwọn òbí bí wọn yóò ṣe dáhùn. Ìbéèrè ọmọdé wà nínú ọdún náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Jésù sì jẹ́ ọmọ ọdún 12, ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti rí i ni àárín àwọn olùkọ́ nínú Tẹ́ḿpìlì, ó ń gbọ́ tiwọn, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Lẹ́yìn àjíǹde, ó bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì tí ìbànújẹ́ dé bá pàdé ní ọ̀nà Emausi. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ náà jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán kí òun tó la ẹnu. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀nà Emausi nígbà tí ọmọ wa bá gbé ojú tó rẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ̀ràn, tí a kò tíì mọ ohun tó ń dun ọmọ.

Ìtàn tó wà nínú ilé wa

Àwọn ohun kan wà tí a kò lè fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1958, àwọn ènìyàn dìde ní Abidjan sí àwọn ará Dàhòmì àti ti Tógò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ìlú náà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ojú ọ̀nà orílẹ̀-èdè wa sì kún fún ènìyàn àti ẹrù. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì lójú owó Faransé, ọjà sì yí padà.

Ìwé ìtàn sọ ọdún wọ̀nyí fún wa. Kò sọ ohun tí bàbá wa kó sínú àpò kan ṣoṣo tó gbé wálé. Kò sọ ẹni tó fún ìyá wa lómi mu lójú ọ̀nà, tàbí bí ó ṣe rí ọjà tí ó fi tún ìgbésí ayé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1958 ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí. Bí a kò bá bi í, yóò kó o lọ.

Àwọn ará Kétu mọ ohun tí a ń wí. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Ọba Béhanzin ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Kò sí ẹnì kan láyé mọ́ tó fojú rí i. Ohun tí a mọ̀ nípa ẹni tó lọ àti ẹni tó bọ̀ nínú ìdílé wa, nítorí pé ọmọ kan béèrè tí àgbà kan sì dáhùn ni.

Bí ó bá ṣòro láti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Orúkọ Yorùbá kì í ṣàdédé wá, ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń jẹ́ Abíọ́nà, ọ̀nà wo ni wọ́n bí i sí? Níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, níbo ni wọ́n ń lọ? Bí ẹlòmíràn bá ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ẹkún kí ni? Ìbéèrè kan bẹ́ẹ̀ lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí ìtàn nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 2001, àwọn olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà, Marshall Duke àti Robyn Fivush, to ìbéèrè 20 jọ láti wo bí àwọn ọmọ ṣe mọ ìtàn ìdílé wọn tó: ibi tí àwọn òbí àgbà ti wá, bí bàbá àti ìyá ṣe pàdé, ìṣòro tó ti dé bá ilé. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù ni ọkàn wọn balẹ̀ jù, tí wọ́n sì gbà pé àwọn lè tún ayé àwọn ṣe. Duke fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kì í ṣe kí á fi ìtàn há ọmọ lórí. Jíjókòó pọ̀, sísọ àti gbígbọ́, ọdún dé ọdún, ni ó ń ṣiṣẹ́ náà.

Bí a ṣe ń béèrè

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ìbéèrè. "Kí ló dé tí o kò wá ní ọdún tó kọjá?" Ẹjọ́ nìyẹn, ẹni tí a bi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre. "Ṣé iṣẹ́ ń lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ló máa fún yín. Ṣùgbọ́n "Báwo ni ọdún yìí ṣe rí fún ọ?" tàbí "Kí ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà?" fún ènìyàn láyè láti sọ ìwọ̀n tó bá fẹ́.

Ẹ wo àkókò pẹ̀lú. Ìgbà tí gbogbo ilé pé, tí rédíò ń ké, tí sódábì sì ti wọ àwọn kan lára, kì í ṣe àkókò ọ̀rọ̀ inú. Ẹ wá ìgbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́: nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gúsí, tí a ń bẹ iṣu, tí ọmọ ń sin bàbá lọ sóko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rọrùn fún láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹjú mọ́ wọn.

Bí ó bá ti dáhùn, ẹ má sáré já ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè kejì láti inú ohun tó sọ: "Ẹ ní ẹ padà bọ̀ ní òru. Ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún yín?" Ìbéèrè kejì yìí ni ó ń fi hàn pé a gbọ́ ti àkọ́kọ́. Bí omi bá lé lójú àgbà, tàbí tí ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀," kí á fi í sílẹ̀. A kì í fi ipá ṣí àpótí olóhun.

Ìbéèrè tó ń ba ọdún jẹ́

"Ìgbà wo ni a máa jẹ ìrẹsì rẹ?" "Ìyàwó, ikùn ńkọ́ o?" "Èló ni wọ́n ń san fún ọ?" "Ipò kelòó ni o gbà ní kíláàsì?" lójú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gba ipò kìíní. Àwọn tó ń bi ní irú ìbéèrè yìí gbà pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan fi ń sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun wálé ní Nọ́ẹ̀lì. Ọmọ tí BAC já kulẹ̀ mọ̀ pé BAC já òun kulẹ̀. Ẹ bi í ní ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù, àti ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun kan kù tó wúwo ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá béèrè ti jẹ gbèsè ìdáhùn. Bí àbúrò wa bá sọ pé òun kò rí owó ilé san, tí a sì ní, "Ọlọ́run á ṣe é," tí a bọ́ sídìí àwo ìrẹsì, ìbá sàn kí á má béèrè. Kí á wo ohun tí agbára wa ká, bí ó tilẹ̀ kéré. Kí á sì pa àṣírí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ tó sọ fún wa lálẹ́ bá ti dé etí ìdáná kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní dá wa lóhùn mọ́ láé.

Díẹ̀ láti mú lọ sílé

Sí àgbà: Ta ni ẹ kò lè gbàgbé oore rẹ̀? Ta ni ó kọ́ yín ní iṣẹ́ yín? Ìgbà wo ni ìdílé wa rí ìṣòro jù, báwo ni ẹ sì ṣe là á kọjá?

Sí ọmọ tó ti ìlú òkèèrè bọ̀: Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí nǹkan bá le? Kí ni o fẹ́ kí á mọ̀ tí a kì í bi ọ́?

Sí ìyàwó ilé: Iṣẹ́ wo nínú ilé yìí ni ó wúwo fún ọ jù? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún nílé bàbá rẹ?

Sí ọmọdé: Kí ni ó bà ọ́ lẹ́rù ní ọdún yìí? Kí ni o ṣe tí inú rẹ dùn sí?

Kí oníkálukú mú méjì péré, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fún ọmọ kan tó mọ̀wé ní ìwé àti kálàmù, tàbí kí ó gba ohùn àgbà sílẹ̀ nínú tẹlifóònù bí àgbà bá gbà á láyè. Kí ó kọ orúkọ ẹni, orúkọ ìlú, àti ọdún, kí ó sì kà á fún àgbà náà kí ó lè tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Nígbà tí ọmọ yín bá wọlé ní Nọ́ẹ̀lì tí ó ní, "A dúpẹ́," ẹ bá a dúpẹ́. Ẹ bù fún un lómi mu, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ọn.