Ìpele Ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àwọn Àgùdà ní Amẹ́ríkà, àti Bí A Ti Ń Fi Ọmọ Sí I

Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní Amẹ́ríkà lónìí, ní Houston, ní Chicago, ní Maryland àti ní ibòmíràn. Àwọn kan nínú wọn, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, a máa fi ọmọ wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ náà nítorí ẹ̀kọ́ àti ìkóníjàánu tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìwé kan a dé ọwọ́ òbí, tí ó ń sọ ìpele tí a fi ọmọ sí nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Òbí a fọwọ́ sí i, a sì dá a padà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí ni pé ìwé náà wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní àkókò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú orúkọ náà wò. Nílẹ̀ wa, bí a bá dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkàn wa a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bíi St. Gregory's College tí àwọn Àgùdà dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1928, tàbí St. Andrew's College tí Ìjọ tiwa dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 láti kọ́ àwọn olùkọ́. Ní Amẹ́ríkà, college ni ibi tí a ti ń gba oyè lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì tiwa. Nítorí náà, College Preparatory ni ẹ̀kọ́ tí ń múra ọmọ sílẹ̀ fún Yunifásítì. Òbí tí ó bá rí orúkọ yìí lè rò pé ọmọ òun ti dé ipò tí ó ga jùlọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà, níbi tí a ti ń retí pé gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí Yunifásítì, orúkọ ìpele gbogbogbòò ni èyí jẹ́.

Lókè rẹ̀ ni Honors wà. Níbẹ̀ ẹ̀kọ́ a máa yára, a máa jinlẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá a sì máa pọ̀. Lókè pátápátá ni Advanced Placement, tí wọ́n ń gé kúrú sí AP, èyí tí ẹgbẹ́ College Board ti ń darí láti 1955. Ẹ̀kọ́ Yunifásítì ni a ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ kí ó tó dé Yunifásítì. Ní oṣù karùn-ún ọdún ni a ń ṣe ìdánwò rẹ̀, máàkì rẹ̀ a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Ọ̀pọ̀ Yunifásítì a máa ka máàkì rere níbẹ̀ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti kọ́ parí, owó àti àkókò rẹ̀ a sì dín kù.

Kí ẹ sì kíyèsí i pé kì í ṣe odidi ọmọ ni wọ́n ń fi sí ẹ̀ka kan, bí a ti mọ̀ níhìn-ín pé ọmọ yìí ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ọmọ yẹn ń ṣe áàtì. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìpele tirẹ̀. Ọmọ lè wà nínú Honors fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì wà ní ìpele gbogbogbòò fún ìṣirò.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí a ó fi ọmọ sí? Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà ń wò. Èkíní ni ìdánwò tí ọmọ ṣe nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹjọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, HSPT ni wọ́n ń lò, tí ó ní ìpín márùn-ún: ìmọ̀ ọ̀rọ̀, ìmọ̀ iye, ìwé kíkà, ìṣirò àti èdè. Èkejì ni máàkì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ń wọn ohun tí a ti kọ́ ọmọ. Wọn kò wọn òpin ohun tí ó lè kọ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tí kò rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, lè gba máàkì kékeré láìjẹ́ pé òpè ni.

Nínú ìṣirò ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, nítorí àkàsọ̀ ni ìṣirò. Algebra Kìn-ín-ní ni ó sábà ń ṣáájú, Geometry a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Algebra Kejì, lẹ́yìn rẹ̀ Precalculus, kí a tó dé Calculus. Ìgbésẹ̀ márùn-ún nìyí. Ọdún mẹ́rin péré ni ọmọ sì ní, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ Algebra Kìn-ín-ní ní kíláàsì kẹsàn-án, tí ó sì ń gun ìgbésẹ̀ kan lọ́dún, kò ní kan Calculus. Ẹni tí ó ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹjọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á wọlé fún un, yóò kàn án. Bí ọmọ bá ń fẹ́ di ẹnjinníà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà àbùjá wà: ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn a máa gbà kí ọmọ kọ́ Geometry nígbà ìsinmi gígùn, tàbí kí ó kọ́ ìṣirò méjì pọ̀ ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá dúró di kíláàsì kejìlá kí ó tó béèrè yóò rí i pé ilẹ̀ ti ṣú.

Síbẹ̀, a kò wí pé kí òbí máa ti ọmọ sókè ṣáá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, A ní ìpele gbogbogbòò a máa jẹ́ 4, A nínú AP a sì jẹ́ 5. Nítorí iyì yìí ni òbí mìíràn fi ń di ẹrù AP mẹ́rin lé ọmọ kan ṣoṣo lórí, tí ọmọ kò sì rí oorun sùn. Ìka kò dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tí ó yé ọmọ yékéyéké sàn fún un ju èyí tí ó ga tí kò yé e lọ.

Ìpele gbogbogbòò kì í sì í ṣe ibi ìtìjú. Ní 1892 ni wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́wàá tí Charles Eliot, olórí Yunifásítì Harvard, ṣe alága rẹ̀. Wọ́n wí pé ọ̀nà kan náà ni kí a gbà kọ́ ọmọ tí ń lọ sí Yunifásítì àti èyí tí kò lọ. Ní 1993 ẹ̀wẹ̀, Anthony Bryk, Valerie Lee àti Peter Holland tẹ ìwé kan jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Àgùdà. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ìwé tí ó jinlẹ̀ ni a ń kọ́ èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ níbẹ̀, àti pé ìyàtọ̀ láàrin ọmọ olówó àti ọmọ tálákà kéré níbẹ̀ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba lọ. Ohun tí a bá ń retí lọ́wọ́ ọmọ ní ipa nínú ohun tí yóò dà.

Kí ni kí òbí ṣe? Kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè ohun mẹ́rin. Èkíní: ìpele wo ni ó wà lókè èyí tí a fi ọmọ mi sí? Èkejì: máàkì wo ni yóò gbà kí ó tó lè gòkè lọ́dún tí ń bọ̀? Ẹ̀kẹta: bí a kò bá fara mọ́ ọn, ta ni a ó rí, ọjọ́ wo ni àyè náà yóò sì pa dé? Ẹ̀kẹrin, kí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ohun tí ó ń fẹ́ àti ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Kí ó má ṣe tijú láti béèrè nítorí pé àjèjì ni òun. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn kí ọmọ-ọmọ yín tó kúrò ní kíláàsì kẹjọ.