Bí Ohùn Ṣe Ń Ya Àwòrán Ọkọ̀ Tó Rì

Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó èèyàn tó lé ní 100 lẹ́rú ní Ouidah, ìlú etíkun tó wà níwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti ọdún 1808. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ náà dé Alabama, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì rì í sínú odò Mobile kí àṣírí má bàa tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti rí i. Omi odò náà ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ sónà àti ọwọ́ àwọn òmùwẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ojú.

Ọkọ̀ kékeré ló ń wọ́ ẹ̀rọ náà kiri, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀ bí ẹni ń kọ ebè. Ẹ̀rọ ń rán ohùn lọ sísàlẹ̀, ohùn kan ilẹ̀, ó padà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 nínú omi ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 30, a jẹ́ pé mítà 15 ni ilẹ̀ fi jìnnà sí ẹ̀rọ náà. Irin àti pákó líle a máa dá ohùn padà gan-an. Ẹrẹ̀ a gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Ẹ̀yìn nǹkan tó yọrí, tí ohùn kò dé, á hàn bí òjìji, òjìji yìí ni wọ́n sì fi ń ṣírò gíga rẹ̀. Ọkọ̀ tí iyanrìn bá ti bò, ẹ̀rọ tó ń wá irin ló ń tọ́ka ìṣó àti ìdákọ̀ró rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà á kó gbogbo àmì yìí jọ di àwòrán tí èèyàn lè yí wò níhà gbogbo. Òun ni wọ́n ń fi wé ìwé: ìforúkọsílẹ̀ Clotilda ní ẹsẹ̀ bàtà 86 ni gígùn rẹ̀, 23 ni ìbú.

Igi tó ti pẹ́ lábẹ́ omi, bó bá gbẹ lójijì, á súnkì, á sì fọ́. Ọ̀kan lára ìdí nìyí tí àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé abẹ́ omi, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2005, fi ní kí á kọ́kọ́ ronú àtifi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Bí wọ́n bá tún un wọ̀n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibi tí ìgbì ti hú tàbí tí olè ti jà á hàn kedere.

Létí òkun Àgbádárìgì, ìgbì ń gbá iyanrìn lọ síhà ìlà-oòrùn láìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ wá ọkọ̀ ẹrú tó rì níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi àwọn apẹja Ègùn ibi tí àwọ̀n ti máa ń há, kó tó gbé ẹ̀rọ dé. Ohun tó bá rí, kó fi ojú ibi tó wà pa mọ́ fún olè, ṣùgbọ́n kó gbé àwòrán rẹ̀ dé àwọn ilé-ìwé wa. Ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n kó sínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ wa ló yẹ kó kọ́kọ́ rí wọn.