Òkun, Okùn àti Okun: Bí A Ṣe Ń Múra Ọkọ̀ Ìgbòkun Sílẹ̀ fún Ìrìn Àjò Etíkun

Bàbá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́lé sílé, wọ́n ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 26. Wọ́n fẹ́ máa tọ etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ díẹ̀díẹ̀, láti Portsmouth títí dé Falmouth. Ọmọ wọn obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni yóò máa bá wọn lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jáde, afẹ́fẹ́ yí padà lójijì. Bàbá pariwo pé, "Bẹ̀rẹ̀!" Ọmọ béèrè pé, "Kí n bẹ̀rẹ̀ kí ni, Dádì?" Kó tó sọ ọ́ tán, ọ̀pá tó na ìsàlẹ̀ ìgbòkun ti gbá fìlà orí rẹ̀ sínú omi. Bẹ̀rẹ̀ tí òun mọ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń sọ fún ẹni tó yẹ kó tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, orí ni ì bá gbá.

Bàbá lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá bani, èdè tí a fi mu ọmú ló ń jáde. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń múra ọkọ̀ sílẹ̀, èdè wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ múra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra

Ẹ ka àwọn wọ̀nyí sókè: òkun ni omi iyọ̀ ńlá. Okùn ni ohun tí a fi ń so nǹkan. Okun ni agbára tó wà nínú ara. Okùn ni à ń fà lórí òkun, ó sì ń gba okun láti fà á. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 65 lè ṣe é, bí ó bá ti mọ bí yóò ṣe ṣọ́ okun rẹ̀ ná. Francis Chichester gbéra ní Plymouth ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ó yí ayé po ní òun nìkan, Sydney nìkan ló ti dúró, ó sì padà ní oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ojú omi ló wà nígbà tó pé ọmọ ọdún 65. Ìmúra rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Ara ọkọ̀

Àwọn àgbà ní, "Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, a máa ń gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi kí a lè yẹ ìdí rẹ̀ wò. A ó họ ìgbín òkun àti koríko tó lẹ̀ mọ́ ọn dànù, a ó sì kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. A ó pààrọ̀ síǹkì kékeré tó wà ní ìdí ọkọ̀. Iyọ̀ òkun ni yóò jẹ síǹkì yìí dípò àwọn irin tó ṣe pàtàkì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ihò tó wà lára ọkọ̀. Ọ̀kan ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, àwọn mìíràn jẹ́ ti ilé ìyàgbẹ́ àti ti ìdọ̀tí ibi ìfọwọ́. Ìkọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí a lè fi ọwọ́ tì. Bí èyíkéyìí bá le débi pé kò ṣeé yí, ẹ tún un ṣe kí ọkọ̀ tó wọ omi. Ẹ so igi tí a gbẹ́ ṣóńṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu ihò bá kán lójú omi, igi yẹn ni ẹ ó fi dí i.

Ọ̀pá, wáyà àti ìgbòkun

Wáyà irin ló di ọ̀pá ìgbòkun mú. Ẹ fi aṣọ nu wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀; bí aṣọ bá há mọ́ ọn, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń fẹ́ kí a pààrọ̀ gbogbo wáyà wọ̀nyí lẹ́yìn bí ọdún 10, bí ojú kò tilẹ̀ rí àbùkù kankan lára wọn.

Ní ti ìgbòkun, ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àgbàlagbà ni bí yóò ṣe dín in kù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Bàbá yìí ní kí a fa gbogbo okùn ìgbòkun wá sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, wọn kò ní láti rìn lọ sí iwájú ọkọ̀ nígbà tí ìgbì bá ń jù ú. Òfin àwọn atukọ̀ rọrùn: nígbà tí o bá kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí o dín ìgbòkun kù, ìgbà náà gan-an ni kí o ṣe é.

Ẹ́ńjìnnì

Afẹ́fẹ́ lè dákẹ́ ní ẹnu èbúté, níbi tí ìṣàn omi ti le. Nítorí náà ẹ má fi ẹ́ńjìnnì ṣeré. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ epo. Ẹ wo bóyá omi ti wọnú epo dísẹ̀lì. Ẹ mú bẹ́líìtì kan àti rọ́bà tó ń fa omi tútù dání ní àfikún, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ní èbúté, kí ó má bàa jẹ́ ojú omi ni ẹ ó ti kọ́ ọ.

Ìdákọ̀ró

Ẹ tú ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́: ì + dá + ọkọ̀ + ró. Ohun tó ń dá ọkọ̀ ró ni. Ẹ ó rí i nínú Bíbélì Yorùbá, nínú ìtàn ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù tó fọ́. Bí ẹ bá ń lo ṣéènì, ẹ jù ú sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin jíjìn omi, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n jíjìn wo? Ti ìgbà tí omi bá kún ni. Bí omi bá jìn ní mítà 3 báyìí, tí yóò sì tún fi mítà 3 kún sí i, mítà 6 ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò. Ṣéènì mítà 24 nìyẹn, kì í ṣe 12.

Bí ènìyàn bá bọ́ sínú omi

Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ó sì fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ bí ìgbì bá le tàbí bí ilẹ̀ bá ṣú. Àkàsọ̀ gbọ́dọ̀ wà tí ẹni tó wà nínú omi fúnra rẹ̀ lè fà wálẹ̀. Omi etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù, ó sì ń tètè gba okun lára.

Ọmọ yìí bi mí pé, "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ pé Dádì gan-an ló bọ́ sínú omi ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń bá òbí rẹ̀ wakọ̀ béèrè ni. Ìdáhùn ni pé òun náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yí ọkọ̀ padà, bí a ṣe ń ṣí ẹ́ńjìnnì, àti bí a ṣe ń lo rédíò. Ìkànnì 16 lórí VHF ni ti ewu. A ó pe Mayday ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tí a wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ìwé ẹ̀rí wà fún lílo rédíò yìí, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni lè pè.

Ojú ọjọ́ àti ìṣàn omi

Ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń rin máìlì òkun 4 sí 5 ní wákàtí kan. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852. Nítorí náà máìlì 40 lè gba wákàtí 8 sí 10, ó sì tó iṣẹ́ òòjọ́ fún àgbàlagbà. Ní Portland Bill, ìṣàn omi máa ń pàdé, ó sì ń ru sókè bí ìkòkò tó ń hó. Àkókò tí omi bá rọlẹ̀ ni kí a kọjá níbẹ̀, tàbí kí a jìnnà sí i dáadáa.

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Rédíò BBC Radio 4 ń ka ojú ọjọ́ òkun fún àwọn atukọ̀, Wight, Portland àti Plymouth ni orúkọ agbègbè tí Bàbá ń tẹ́tí sí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé agbára afẹ́fẹ́ yóò di 6, èbúté ni wọ́n ń wà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ọ̀gá tó ń dúró dè é.

Àwọn àṣẹ orí ọkọ̀

Fà á! – Mú okùn wá sọ́dọ̀ ara rẹ.
Dẹ̀ ẹ́! – Jẹ́ kí okùn rọ̀ díẹ̀.
Dì í mú! – Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ.
Tú u! – Yọ kókó okùn náà.
Bẹ̀rẹ̀! – Tẹ ara mọ́lẹ̀ kíákíá!

Ẹ ṣàkíyèsí ohùn: fà, dẹ̀ àti dì ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé wọn gba ohùn òkè (á, ẹ́, í). Ohùn òkè ni tú ní, nítorí náà ohùn àárín ni u tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà tún béèrè bóyá òun lè pariwo "Bẹ̀rẹ̀!" mọ́ bàbá òun. Rárá o. "Ẹ bẹ̀rẹ̀!" ni. Kò sí àyè láti kúnlẹ̀ nínú ìjì, ṣùgbọ́n "ẹ" kan ṣoṣo kò gba àkókò.

Nísinsìnyí, kí wọ́n tó tú okùn kúrò ní èbúté, àwọn méjèèjì máa ń ka àwọn àṣẹ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà, ẹ kà wọ́n pẹ̀lú òbí yín, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn máa ń pariwo bí nǹkan bá yí padà lójijì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.