Ajá Ńlá Tí Ń Ṣọ́ Ilé Wa

Ní agbègbè Tchaourou wa yìí, ajá kì í ṣe àlejò. Ó ti pẹ́ tí ajá ilẹ̀ wa ti ń bá ọdẹ wọ igbó, tí ó ń bá àgbẹ̀ lọ sí oko iṣu, tí ó sì ń tẹ̀ lé àwọn Fúlàní lẹ́yìn màlúù wọn. A mọ̀ ọ́n dáadáa: irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká, ara rẹ̀ kò sì tóbi. Lọ́sàn-án, yóò sùn sí abẹ́ igi máńgòrò; lóru, bí ẹsẹ̀ àjèjì bá dún, yóò gbó, àwọn ajá yòókù yóò sì gbè é.

Lóde òní, irú ajá mìíràn ti wọ àárín wa. Bí a bá kúrò lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Cotonou lọ sí Parakou, tí a yà wọ àwọn àdúgbò tuntun, a ó rí ilé tí a mọ odi bíríkì yí ká, tí a fi irin ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ohùn kan yóò ròkè bí ààrá. Ajá ńlá ni, ajá ìran méjì: ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ilẹ̀ wa, bàbá rẹ̀ sì wá láti ìran ajá Jámánì tí àwọn Faransé ń pè ní berger allemand. Àwọn tí ń sìn ín kò ṣe é fún fáàrí lásán. Ẹni tí ó kó àpò kajú sílé nígbà ìkórè, ẹni tí alùpùpù rẹ̀ jẹ́ gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, gbogbo wọn ni ó fẹ́ fi ọkàn balẹ̀ sùn. Nínú ilé tiwa pẹ̀lú, ọ̀kan wà níbẹ̀. Ohun tí a sì ti rí kọ́ ni pé ajá yìí ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wa tí ajá àtijọ́ kò béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 1899, Max von Stephanitz, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan ní ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìran ajá tí ń da àgùntàn, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá àti ológun gbà á síṣẹ́. Akọ rẹ̀ máa ń wúwo tó kílò 30 sí 40. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí irú akọ bẹ́ẹ̀ bá gun ajá ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán sọ bí ọmọ wọn yóò ti rí. Nínú oyún kan náà, ọ̀kan lè jogún ìtóbi bàbá, èkejì lè jogún ìfura ìyá, ẹ̀kẹta sì lè jogún méjèèjì.

Ajá àtijọ́ jẹ́ ti gbogbo agbo ilé. Kò sí odi, kò sí ìdè. Ọmọ rẹpẹtẹ ni ó ń bá a ṣeré, àwọn ìyá ń ju oúnjẹ sí i, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Kò sí ẹnì kan tí ó jókòó kọ́ ọ ní ìwà, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ́ ọ. Ajá inú odi kò ní irú iléèwé bẹ́ẹ̀. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni ó mọ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí ó wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ ọgbà, ìyá tí ń kiri ẹ̀kọ, àna tí ó wá kí wa, olè ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí odi bá ti gba iṣẹ́ ìkọ́ni lọ́wọ́ agbo ilé, onílé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ìgbà tí a ó ṣe é kò sì gùn. Ní ọdún 1965, John Paul Scott àti John Fuller, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìwà ajá. Wọ́n fi hàn pé láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ajá máa ń mọ ẹni tí í ṣe ará rẹ̀. Ohun tí ó bá fojú rí nígbà náà kì í sábà dẹ́rù bà á mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ajá tiwa ṣì kéré, a máa ń gbé e jáde kí ó rí ọmọdé, arúgbó tí ń tẹ ọ̀pá, obìnrin tí ó ru ẹrù, alùpùpù àti ewúrẹ́. A sọ ọ́ ní Ta-ló-mọ̀la, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba wa tí ń fi orúkọ ajá pa òwe. Àwọn ọmọ ilé mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kàn án bí ó bá ń jẹun, a kì í jí i lójijì, a kì í sì í fi í dẹ́rù ba ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án, a ń so ó sí ibi tí ìbòòji àti omi wà, nítorí pé ooru ilẹ̀ wa kò rọrùn fún onírun púpọ̀. Lóru, bí a bá ti tilẹ̀kùn, a tú u sílẹ̀ nínú ọgbà. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru kì í di olùṣọ́, oníbìínú ni í dà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó kígbe pé, “Àgò o!” Àṣà yìí ti fẹ́ parun láàárín àwọn ọ̀dọ́, ajá ti dá a padà.

Àwọn kan láàárín wa ń bi ara wọn bóyá ẹ̀sìn gbà kí ajá wà nílé. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fàyè gba ajá ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn àti ti oko, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka ìṣọ́lé mọ́ wọn. Nínú Súrà kejìdínlógún Àlùkùránì, ajá àwọn ará inú ihò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà náà ni àyè ajá tiwa.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ni ti àrùn dìgbòlugi, tí à ń pè ní la rage nínú èdè Faransé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ. Ajá ni ó sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ikú ni ó sábà ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885, tí Louis Pasteur tọ́jú Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni a ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ lè gba ẹni tí ajá bù jẹ là, bí a kò bá fi falẹ̀.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo tàbí àgúnmu sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ajá náà bá jẹ́ èyí tí a mọ̀, ẹ má pa á. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí a máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ mú ajá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní àkókò tí dókítà bá kọ sínú ìwé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ajá kan ṣoṣo kò tó. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí a bá fún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́ ní agbègbè.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ ka iye ajá tí ó wà ní agbo ilé yín, ẹ sì bi olówó wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà?” Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má ṣàìbi wọ́n. Lóòótọ́ ni pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àmọ́, bí ọdẹ kò bá fọn fèrè rárá, a kò lè di ẹ̀bi ru ajá.