Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Asáré Àlòkù: Ta Ni Ó Rán Olùyẹ̀wò Níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí jẹ mọ́ owó, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀mí pẹ̀lú. Ó dá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù, pàápàá èyí tí a ṣe fún eré sísá, àti àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a ṣe sí i kí owó tó kúrò lápò ẹni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí a yẹ ọkọ̀ àlòkù wò kí a tó rà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé àyẹ̀wò náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹlòmíràn a sanwó àyẹ̀wò, a gba ìwé àbọ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a ra ọkọ̀. Kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi dákẹ́ lójú ọ̀nà. Olùyẹ̀wò lè má purọ́ rárá. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni bí a ṣe ṣètò àyẹ̀wò náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ta ni a rán? Kí ni a ní kí ó wò? Ìgbà wo ni ó wò ó? Lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni gbogbo àlàyé wa dúró lé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí á mú ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ Porsche ní ilẹ̀ Jámánì kọ́kọ́ pàtẹ ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń pè ní 911. Fún ohun tí ó lé ní 30 ọdún, afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ní 1997 ni wọ́n gbé irú tuntun jáde tí omi ń mú tutù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ fi ń pe irú yìí ni 996, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá ti Boxster, tí ó jáde ní 1996, tan. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa púpọ̀ ń gbé, àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí wà lára àwọn Porsche tí owó wọn kò ga jù lóde òní. Òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù lè ronú àtirà wọn. Ṣùgbọ́n owó àtirà yàtọ̀ sí owó àtitọ́jú: bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, owó tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a fi ra ọkọ̀ náà.

Àìsàn kan wà tí a mọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Ọ̀pá irin kan wà nínú rẹ̀ tí ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ kíráńkì, tí ó sì ń bá a darí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí sínú tí ó sì ń mí síta. Orí bíárìn kan ni ìdí ọ̀pá náà ń yí lé. Bí bíárìn yìí bá fọ́, ètò inú ẹ́ńjìnnì a dàrú, irin a máa gbá irin, ẹ́ńjìnnì a sì parun. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà ní 2013 lórí àwọn ọkọ̀ kan tí a ṣe láàárín 2001 sí 2005. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2008 kò ní ọ̀pá náà mọ́. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn bí a ti ń bọ́ sí orí àwọn ọ̀fìn náà.

Ọ̀fìn kìn-ín-ní ni yíyan olùyẹ̀wò. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ yóò sábà wí pé, "Ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà. Mẹkáníìkì tí ń tọ́jú rẹ̀ kò jìnnà. Òun ni ó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí mẹkáníìkì yìí bá rí àléébù tí ó yẹ kí ó ti rí ní ọdún tí ó kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò bẹnu àtẹ́ lù. Yàtọ̀ sí èyí, oníbàárà rẹ̀ ni ẹni tí ń tà á. Àlejò tí ó lè má tún fojú kàn mọ́ láé ni olùrà. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ àti rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí gidi ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í ṣe adájọ́. Ẹni tí kò mọ olùtà, tí olùrà fúnra rẹ̀ wá rí, tí olùrà sì sanwó fún, ni kí ó ṣe àyẹ̀wò.

Ọ̀fìn kejì ni ìmọ̀ olùyẹ̀wò. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mẹkáníìkì lè gbówọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì jẹ́ àlejò sí ọkọ̀ tí a gbé síwájú rẹ̀, nítorí àìsàn ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọ̀ ara Corvette ti Amẹ́ríkà kì í ṣe irin láti 1953 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é; nítorí náà, ẹ̀rọ olóòfà tí a fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó lára irin kò wúlò fún un. Mazda MX-5 tí ó jáde ní 1989 kì í fi ẹ́ńjìnnì da ènìyàn láàmú púpọ̀. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì ní ìgbà òtútù. Nínú àwọn 996 pàápàá, àwọn tí a ń pè ní Turbo àti GT3 ní ẹ́ńjìnnì mìíràn tí kò ní irú bíárìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí yóò wá àìsàn síbi tí kò sí, yóò sì kọjá lára èyí tí ó wà.

Ọ̀fìn kẹta ni iṣẹ́ tí a rán olùyẹ̀wò. "Ẹ bá mi wò ó" kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè jẹ́ dáadáa. Bí olùrà kò bá sọ ohun tí ó fẹ́, olùyẹ̀wò yóò wo iná, bíréèkì àti táyà, yóò sì kọ àbọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú ìwé. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì wo abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo ògiri sìlíńdà bóyá ó ti ha, nítorí a mọ àléébù yìí náà mọ́ ẹ́ńjìnnì 996. Kí wọ́n ya àlẹ̀mọ́ ojú àsẹ́ ọ́ìlì wò bóyá èérún irin wà níbẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ Porsche wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà a máa ṣírò iye ìgbà tí a ti mú kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ààlà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ṣi jíà fà lórí eré. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò kì í sábà lè ka èyí. Ìdí mìíràn nìyí tí a fi nílò ẹni tí ó mọ ọkọ̀ náà. Ẹ sì gba àṣẹ lẹ́nu olùtà ṣáájú, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ni, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí a tú nǹkan rẹ̀.

Ọ̀fìn kẹrin ni àkókò. Ẹ́ńjìnnì tí a ti mú gbóná kí àlejò tó dé lè fi àṣírí pamọ́. Bí a bá tan án nígbà tí ó ti tutù láti òru mọ́jú, èéfín àti ariwo tí ó bá ní yóò tètè hàn. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tan ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mìíràn tún wà: a lè pa àmì àléébù rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà láti irú ti ọdún 1996 ni ó ní ètò tí ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bí a bá pa àmì rẹ́, ètò náà a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí a wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó parí. Bí olùyẹ̀wò bá rí i pé kò tíì parí, ó yẹ kí ó béèrè ìdí. Bátìrì tuntun lè fa èyí. Ọwọ́ ẹ̀tàn náà sì lè fà á.

Ọ̀fìn karùn-ún ni ìkánjú àti àsansílẹ̀. "Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́la" ni ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di onígbèsè. Bí olùtà bá ní dandan kí a san nǹkan kí ó tó dá ọkọ̀ dúró, kí ìwé fi hàn kedere pé owó náà yóò padà bí àbọ̀ àyẹ̀wò kò bá tẹ́ olùrà lọ́rùn. Kí a tún fẹnu kò lórí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, àti ẹni tí yóò ru ẹrù bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé òfin kò gbèjà olùrà ni? Ó gbèjà rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà àjọ Federal Trade Commission tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 ní kí oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù lẹ ìwé kan mọ́ ọkọ̀, tí yóò sọ bóyá ó ní àtìlẹyìn tàbí bí a ti rí i ni a ó ṣe rà á. Ìwé náà gba olùrà níyànjú pé kí ó béèrè bóyá mẹkáníìkì tirẹ̀ lè yẹ ọkọ̀ wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 fún ẹni tí ó rà lọ́wọ́ oníṣòwò ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tí ó ní àléébù padà. Ṣùgbọ́n ààbò wọ̀nyí kò bo ẹni tí ó rà lọ́wọ́ aládàáni bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aládàáni sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ti ń yí.

Ọ̀fìn ìkẹyìn ni bí a ṣe ń ka àbọ̀. Ohun tí olùyẹ̀wò rí ni àbọ̀ ń sọ. Kò ṣèlérí ohun tí ọ̀la yóò bí. Bíárìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn kílọ́ọ̀ṣì ni ó wà. A kò lè rí i láìyọ jíà ọkọ̀ kúrò. Èérún irin nínú ọ́ìlì lè ta wá lólobó, ṣùgbọ́n àìrí èérún kò sọ pé àlàáfíà wà títí láé. Rìsíìtì tí ó fi hàn pé a ti pààrọ̀ bíárìn náà ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Lọ́nà kejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá nítorí pé àbọ̀ gùn: ọkọ̀ tí ó ti lo 20 ọdún kò lè ṣàì ní àléébù. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó lè pa ènìyàn, èyí tí ó lè pa ẹ́ńjìnnì, àti èyí tí kò ju gbígbó lásán lọ. Táyà wà nínú ti àkọ́kọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT ara táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 3216 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2016. Ọkọ̀ asáré tí a kì í sábà wà lè ní táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lórí eré ńlá, ẹ̀mí ni a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kọjá ti ọkọ̀. Nínú ìmọ̀ gbogbo, bí ìbéèrè bá ti rí ni ìdáhùn ń rí, ó sì tọ́ kí á mọ ẹni tí ẹlẹ́rìí ń ṣiṣẹ́ fún kí á tó gba ẹ̀rí rẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ó wà nílé tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí lókè òkun pé kí ó bá òun ra ọkọ̀: ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí ẹ kò bá lè fi ojú ara yín wò ó, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ rán olùyẹ̀wò sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún.