Igi igbá agboolé wa

Láti Àjàṣẹ́, a gba Pobẹ̀ kọjá lọ sí Kétu, ìlú bàbá mi. Iṣẹ́ ìwádìí ni ó gbé mi lọ: mo ń wọn igi igbá, èyí tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú. Àgbà igi wà lóko, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Iná igbó àti ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí ó dàgbà.

Ní agboolé wa, mo ta okùn ìwọ̀n yí igi kan ká. Àbúrò bàbá mi ní: «Ọmọ mi, ìdí igi yìí ni a sin ìwọ́ bàbá rẹ sí. Ẹni tí ń sun èédú ti wá ná an lọ́wọ́ mi.»

Kò tà á. A gbin ọmọ igbá méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ṣọgbà yí wọn ká. Igbá kì í tètè so: àwọn ọmọ wa ni a gbìn ín fún.